Ìwádìí Lọ́wọ́ Àwọn Tí Ọ̀rọ̀ Kàn

Ìwádìí tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń darí ni èyí tí ó jẹ́ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni wọ́n gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀, tí wọ́n yan ọ̀nà tí wọn yóò gbà wá ìdáhùn sí i, tí wọ́n sì pinnu ohun tí wọn yóò fi èsì rẹ̀ ṣe, yálà wọ́n ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì tàbí wọn kò ní. Ó yàtọ̀ sí ìwádìí tí onímọ̀ kan ti gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀ tán ní ibi tí ó jìnnà kí ó tó dé ìlú, tí ó wá ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò, tí ó gba ohùn wọn sílẹ̀, tí ó sì di gbogbo rẹ̀ lẹ́rù lọ. Nínú irú kejì yìí, ará ìlú kò ju ẹlẹ́rìí lọ. Nínú irú àkọ́kọ́, òun ni ó ni ẹjọ́. Ìyàtọ̀ yìí ni ó ń sọ irú ìrànlọ́wọ́ tí ó yẹ olùwádìí tuntun, ìyẹn ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìwádìí tí kò tíì ní orúkọ nídìí rẹ̀, nítorí pé bí kò bá ní ọwọ́ nínú ìbéèrè, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí lórí ìdáhùn, gbogbo ìyìn tí wọ́n bá fún un kò ju àtẹ́wọ́ lásán lọ.

Kí yunifásítì kankan tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn àlùfáà ìjọ, olùkọ́ àti akọ̀wé ti ń kọ ìtàn ìlú wọn sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà, àwọn tí ogun ṣojú wọn, àti àwọn arọ́kin, tí í ṣe òpìtàn ààfin Ọ̀yọ́. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tí ó padà di Olúbàdàn ní ọdún 1955, tẹ ìwé ìtàn Ìbàdàn, Ìwó, Ìkìrun àti Òṣogbo jáde ní èdè Yorùbá ní 1911. Ìwé ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé ti M. C. Adéyẹmí tẹ̀ lé e ní 1914, N. D. Oyèrìndé sì gbé ti Ògbómọ̀ṣọ́ jáde ní 1934. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóyìn Fálọlá fi odidi ìwé kan, Yoruba Gurus, tí ó jáde ní 1999, ṣe àgbéyẹ̀wò irú àwọn òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀, ó sì kà wọ́n sí onímọ̀ tí ó dá dúró fúnra wọn, kì í ṣe alágbàṣe tí ń bá àwọn onímọ̀ kó ọ̀rọ̀ jọ.

Nínú gbogbo wọn, ti Àlùfáà Samuel Johnson ni ó yẹ kí ẹni tí ń fẹ́ ran olùwádìí tuntun lọ́wọ́ máa rántí jù. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1897, ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun fún títẹ̀, ìwé náà sì sọnù sọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1901 láìfi ojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù nílẹ̀, nígbà tí ìwé náà yóò sì fi jáde ní 1921, àbúrò náà ti di ẹni àná. Odidi ọdún 24 ni iṣẹ́ tí kò sí akọ̀tàn Yorùbá tí ó lè fò dá fi wà láàárín ìparí àti ìtẹ̀jáde, kì í sì í ṣe pé òǹkọ̀wé náà kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fà á. Ohun tí kò ní ni ilé ìtẹ̀wé tí ó sún mọ́ ọn, ẹlòmíràn tí ó ní ẹ̀dà kejì lọ́wọ́, àti àwùjọ tí yóò béèrè ibi tí iṣẹ́ náà wà.

Iṣẹ́ tí ó jọ ti àwọn baba wọ̀nyí jù lọ ní òde òní, bí ó tilẹ̀ gbòòrò kọjá ilẹ̀ Yorùbá, ni ti ẹgbẹ́ Masakhane, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Zulu sì túmọ̀ sí pé kí gbogbo ènìyàn jọ kọ́ ọ. Ìmọ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ka èdè ènìyàn, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì dá ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mọ̀ ni ẹgbẹ́ náà gbé lọ́wọ́. Èdè tí ó wà ní ilẹ̀ Áfíríkà lé ní 2,000, síbẹ̀ ẹni tí ó bá ṣí àwọn ìwé ìwádìí nínú ìmọ̀ yìí ní àkókò náà kò lè rí ju ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó mẹ́nu bà wọ́n, àwọn díẹ̀ náà sì fọ́n káàkiri débi pé ó rọrùn kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lórí Yorùbá ní Ìbàdàn má mọ̀ pé ẹlòmíràn ń bá ìṣòro kan náà wọ̀yá ìjà lórí èdè Luganda ní Kampala. Àwọn obìnrin méjì ní Gúúsù Áfíríkà, Jade Abbott àti Laura Martinus, ti ń ṣe ìwádìí lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè túmọ̀ àwọn èdè orílẹ̀-èdè wọn. Láti ibẹ̀ ni ìpè láti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ti jáde, ó sì ràn ká ní Nairobi ní ọdún 2019 kan náà, níbi Deep Learning Indaba, àpérò ọdọọdún tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Áfíríkà dá sílẹ̀ ní Johannesburg ní 2017.

Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ náà gbà ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò ni ó yẹ kí àwọn tí ń fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹjú mọ́. Wọ́n ṣe ìwé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí Google fi sí orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìlò ọ̀fẹ́, kí ẹni tí kò lágbára àtira kọ̀ǹpútà olówó ńlá má baà jókòó sílé. Gbogbo ìgbésẹ̀ wà nínú ìwé iṣẹ́ náà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé: àlejò yóò fi orúkọ èdè tirẹ̀ síbẹ̀, yóò sì máa bá a lọ ní ìpele ìpele títí ẹ̀rọ yóò fi gbìyànjú ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Ohun èlò tí wọ́n lò, JoeyNMT, tí Julia Kreutzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2019, jẹ́ èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní kékeré, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó sì yé e. Ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tí ó há ti lè béèrè ọ̀rọ̀ láìtijú. Èsì àkọ́kọ́ sábà máa ń burú, kò sì sí ìdí láti fi bò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni èdè ni ó lè sọ irú burúkú tí ó jẹ́, bóyá gbólóhùn náà ṣì ní ìtumọ̀ tàbí ó ti di ọ̀rọ̀ wèrè, òye yìí sì ni olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè náà kò lè ní bó ti wù kí ó mọ ìṣirò tó.

Ní ọdún 2020 ni wọ́n gbé ìwé ìwádìí jáde lórí gbogbo iṣẹ́ yìí. Ó ní òṣùwọ̀n ìtumọ̀ fún èdè tí ó lé ní 30 (òṣùwọ̀n ni iye àkọ́kọ́ tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò máa fi iṣẹ́ tiwọn wé), àwọn ènìyàn tí ó gbọ́ èdè sì ti fojú ara wọn ṣe ìgbéléwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́ta wọn. Ìwé náà kò pín àwọn olùkópa sí onímọ̀ àti aláìmọ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó to ipa tí iṣẹ́ náà ń béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti orí ẹni tí ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní èdè náà dé orí ògbufọ̀, ẹni tí ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ tí ó sì ń tún un ṣe, onímọ̀ ẹ̀rọ, àti olùgbéléwọ̀n, ó sì fi hàn pé bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, iṣẹ́ àwọn tó kù kò ní dúró. Àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ lé ní 40, àwọn kan nínú wọn kò sì kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà rí. Dípò kí ẹnì kan gba ipò òǹkọ̀wé àkọ́kọ́, àmì ìṣirò ∀, tí ó dúró fún "gbogbo", ni wọ́n fi síwájú orúkọ wọn. Wọ́n lè pe èyí ní àpára, àpára tí ó ní ìtumọ̀ sì ni, nítorí pé ipò òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ ni owó tí wọ́n fi ń ná ọjà yunifásítì káàkiri àgbáyé. Wikimedia Foundation fi ẹ̀bùn ìwádìí rẹ̀ ti ọdún 2021 dá ìwé náà lọ́lá.

Ní ti èdè Yorùbá fúnra rẹ̀, ibi tí àǹfààní irú ìwádìí yìí ti hàn gbangba jù ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn àti àmì abẹ́. Kọ̀ǹpútà a máa kọ́ èdè láti inú àkójọ ọ̀rọ̀, ìyẹn òkìtì gbólóhùn tí wọ́n kó jọ fún un láti kà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá a máa rán ẹ̀rọ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti gbá gbogbo ohun tí ó bá jọ Yorùbá jọ, ẹ̀rọ náà kò sì mọ̀ bóyá ohun tí òun gbá jọ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ dáadáa, èyí tí wọ́n kọ láìfi àmì kankan sí, tàbí èyí tí kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá rárá. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé igba, igbá, ìgbà àti igbà ń di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nígbà tí àmì bá bọ́ kúrò yóò mọ irú àkóbá tí èyí ń ṣe. Ní 2020, Jesujoba Alabi, David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi àkójọ kékeré tí wọ́n fọwọ́ ṣà fún Yorùbá àti Twi wé àkójọ títóbi tí ẹ̀rọ gbá jọ, wọ́n sì rí i pé kékeré tí ó mọ́ yìí ni ó ń kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́gbọ́n jù. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ṣà á bẹ́ẹ̀. Ojú àwọn tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ni ó ṣe é.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Masakhane, pín àwọn àkójọ tí ẹ̀rọ gbá jọ láàárín ara wọn, tí kálukú sì ka èyí tí ó wà ní èdè tí ó gbọ́. Àkójọ 205 ni wọ́n yẹ̀ wò nínú àwọn ìsọ̀rí ńlá márùn-ún tí gbogbo ayé ń lò. Ó kéré tán, 15 nínú wọn kò ní gbólóhùn kan tí ó wúlò, ọ̀pọ̀ mìíràn kò sì ní tó ìdajì tí ó dára. Iṣẹ́ tí kò gbà ju kí ẹni tí ó gbọ́ èdè jókòó kí ó kà ni èyí. Ó jọ pé ìdí tí àwọn tí wọ́n kó àkójọ náà jọ kò fi ṣe é ni pé kò sí ẹnikẹ́ni láàárín wọn tí ó gbọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn èdè náà, wọn kò sì ronú kan àtibéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́.

Èso bíbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́ èdè ni MENYO-20k, àkójọ gbólóhùn Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì tí ó tó nǹkan bí 20,000, tí ó jáde ní 2021, tí wọ́n sì fara balẹ̀ tún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe. Èso rẹ̀ náà ni MasakhaNER, tí ó jáde ní ọdún kan náà fún èdè mẹ́wàá: Amharic, Hausa, Igbo, Kinyarwanda, Luganda, Luo, Píjìn Nàìjíríà, Swahili, Wolof àti Yorùbá. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni kí wọ́n ka ìròyìn, kí wọ́n sì fi àmì sí orúkọ ènìyàn, orúkọ ibi, orúkọ àjọ tàbí ilé iṣẹ́, àti ọjọ́, kí kọ̀ǹpútà lè kọ́ láti máa dá wọn mọ̀. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá jẹ́ gbólóhùn: Ayọ̀délé lè jẹ́ ènìyàn, ó sì lè jẹ́ ìròyìn pé ayọ̀ ti dé ilé, pàápàá ní ibi tí oníròyìn bá ti ń kọ ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Nígbà tí ìròyìn bá ní Aláàfin Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀, ṣé ènìyàn ni gbogbo rẹ̀, tàbí oyè ni apá kan tí apá kejì sì jẹ́ ìlú? Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè dá ẹjọ́ yìí, ẹni tí ó gbọ́ ọ náà sì ní láti bá ẹlòmíràn tí ó gbọ́ ọ jiyàn kí wọ́n tó fẹnu kò. Àríyànjiyàn yẹn gan-an ni ìwádìí. Àwọn òǹkọ̀wé ìwé náà jẹ́ 61, nítorí pé wọ́n ka àwọn tí wọ́n fi àmì sí ọ̀rọ̀ mọ́ òǹkọ̀wé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n san owó kékeré fún irú wọn, kí wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ìlà kan lẹ́yìn ìwé láìdárúkọ. Ní 2022, iṣẹ́ náà gbòòrò dé 20 èdè.

Ní ọdún 2022 kan náà ni NaijaSenti jáde, tí Shamsuddeen Hassan Muhammad ti Yunifásítì Bayero ní Kano ṣáájú rẹ̀, tí ó fi àmì sí ọ̀rọ̀ orí Twitter ní Hausa, Igbo, Píjìn àti Yorùbá láti fi hàn bóyá inú ẹni tí ó kọ ọ́ dùn, kò dùn, tàbí kò sí ìkankan nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá mọ bí Yorùbá ṣe ń fi ẹ̀fẹ̀ bú ènìyàn kò ní yà á lẹ́nu pé iṣẹ́ náà kò rọrùn.

Bí olùwádìí tuntun ṣe ń dàgbà láàárín gbogbo èyí kò ní àdììtú nínú. Àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè, ẹni tí ó gbọ́ èdè kò tíì mọ ẹ̀rọ, wọ́n sì jọ jókòó. Ṣùgbọ́n ìjókòó náà ní láti wáyé ní ibi tí àwọn méjèèjì lè dé. Ní ọdún 2018, nígbà tí NeurIPS, ọ̀kan nínú àpérò ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó tóbi jù, wáyé ní Montréal, ọ̀pọ̀ olùwádìí láti Áfíríkà ni ìjọba Kánádà kò fún ní físà; ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2019 nígbà tí àpérò náà wà ní Vancouver. Àpérò ICLR ti 2020 ni wọ́n fẹ́ gbé wá sí Addis Ababa kí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà tó sọ ọ́ di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, abẹ́ rẹ̀ ni AfricaNLP, àpérò tí ó jẹ́ ti àwọn èdè Áfíríkà nìkan, sì ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Indaba fúnra rẹ̀ lọ sí Tunis, Accra, Dakar àti Kigali. Àpérò tí akẹ́kọ̀ọ́ Abẹ́òkúta lè wọ mọ́tò lọ sí ṣe é láǹfààní ju èyí tí yóò fi oṣù mẹ́fà tọrọ físà rẹ̀ lọ, kódà bí ti òkèèrè bá lókìkí jù.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣe é fẹnu fẹ́rẹ́ kọjá. Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara-ẹni dára fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ títí ni ẹni tí ó ní ibòmíràn tí ó ti ń jẹun. Dátà orí fóònù kì í ṣe ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà, epo jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì fi gbogbo alẹ́ fi àmì sí ìròyìn 100 ti ná ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Lacuna Fund, tí Rockefeller Foundation, Google.org àti àjọ IDRC ti Kánádà dá sílẹ̀ ní 2020 láti máa fi owó ran ìkójọ dátà lọ́wọ́, ni ó jẹ́ kí àwọn iṣẹ́ bíi NaijaSenti lè san owó fún àwọn tí ń fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ìdájọ́ ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ yìí ni pé kí olówó kọ́kọ́ béèrè iye tí yóò dé ọwọ́ àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè kí ó tó béèrè iye gbólóhùn tí wọn yóò kó jọ. Ibi tí ìdáhùn àkọ́kọ́ bá ti ń mì, ìdáhùn kejì kì í dára.

Ta ni ó ni ohun tí wọ́n kó jọ? Ìbéèrè yìí ti mú ẹgbẹ́ Masakhane fúnra rẹ̀ rí. JW300, àkójọ tí púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ àkọ́kọ́ wọn dúró lé, wá láti inú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní èdè tí ó lé ní 300. Ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ oníwèé mú kí wọ́n mú un kúrò lórí àtẹ, àwọn tí wọ́n kọ́lé lé e sì ní láti wá ilẹ̀ mìíràn. Àwọn ẹ̀yà San ní Gúúsù Áfíríkà ti mọ ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ìmọ̀ wọn nípa hoodia, ewéko tí àwọn ọdẹ wọn ń jẹ láti fi pa ebi, ni àjọ ìwádìí ìjọba kan gbé lọ gba àṣẹ ìní (patent) lé lórí ní àwọn ọdún 1990 láìsọ fún wọn, ó sì di 2003 kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn bí àwọn náà yóò ṣe máa jẹ nínú èrè rẹ̀. Ní 2017, àwọn San gbé ìlànà ìwà tiwọn jáde fún gbogbo olùwádìí tí ó bá fẹ́ wá sọ́dọ̀ wọn, ọ̀wọ̀, òtítọ́, ìdájọ́ òdodo àti ìtọ́jú ni wọ́n sì fi ṣe òpó rẹ̀. Ní New Zealand, Te Hiku Media, ilé iṣẹ́ rédíò àwọn Māori, ké sí àwọn ènìyàn wọn ní 2018, wọ́n sì gba ohùn tí ó lé ní wákàtí 300 sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ wá ra á, wọn kò tà á, wọ́n sì kọ ìwé àṣẹ ìlò tiwọn láti máa fi ṣọ́ ọ. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń kó ohùn àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ kò tíì ní irú ìwé àṣẹ tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí, ó sì yẹ kí wọ́n ní in kí òkìtì tó di òkè.

Kò yẹ kí ìyìn bo àbùkù mọ́lẹ̀. Àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì kó jọ ni àwọn tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi tí wọ́n lè fi ṣe ìpàdé, tí wọ́n sì ń gbé ìlú ńlá. Ìyá arúgbó tí Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ jù lọ ní abúlé kò sí láàárín wọn, Yorùbá àjùmọ̀lò tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé sì ni ó kún inú àkójọ wọn. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ YORÙLECT ti ọdún 2024, tí Orevaoghene Ahia ṣáájú rẹ̀, fi ṣe pàtàkì: wọ́n rìnrìn àjò lọ bá àwọn tí ń sọ ẹ̀ka èdè Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ ní ìlú wọn, wọ́n kó ọ̀rọ̀ àti ohùn jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yorùbá àjùmọ̀lò, wọ́n sì fi hàn pé ẹ̀rọ tí ó dà bí ẹni pé ó gbọ́ Yorùbá ń kọsẹ̀ nígbà tí ará Ìlàjẹ bá la ẹnu, àyàfi bí wọ́n bá kọ́ ọ ní ẹ̀ka èdè náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ àjọyọ̀. Nídìí iṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, nígbà tí ọmọṣẹ́ bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, ọ̀gá rẹ̀ a máa ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un: wọn yóò gbàdúrà fún un, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, ṣùgbọ́n láàárín ariwo yẹn ni ọ̀gá yóò ti fi irin iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, tí yóò sì sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé láti òní lọ òun náà lè gba ọmọṣẹ́. Àjọyọ̀ àwọn olùwádìí, pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ àti àwòrán tí wọ́n ń yà, kì í sábà ní apá kejì yìí. Ẹni tí ó gba ẹ̀bùn ọ̀dọ́ olùwádìí lónìí lè padà sí yàrá tí kò ní iná, láìní ẹ̀rọ, láìní àṣẹ láti tọ́ ẹlòmíràn sọ́nà, kí ó sì tún di alágbàṣe lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, kí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní olùtọ́sọ́nà méjì, ọ̀kan láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá, èkejì láti ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kó jọ dáadáa sí iṣẹ́ ìwádìí bí wọ́n ṣe ń ka ìwé tí ó bá kọ. Kí ẹni tí ó bá ń gbé owó ìrànwọ́ kalẹ̀ kọ orúkọ àwọn tí yóò fi àmì sí ọ̀rọ̀ àti owó wọn sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkìtì, Ìkálẹ̀, Oǹdó, Ìgbómìnà àti Ẹ̀gbá kò sí nínú YORÙLECT, bẹ́ẹ̀ ni Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin kò sí níbẹ̀, Ifẹ̀ ti agbègbè Atakpamé ní Togo pẹ̀lú kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀kan nínú wọn, tí ó ní fóònù tí ó lè gba ohùn sílẹ̀, tí àwọn àgbà ìlú rẹ̀ sì gbà pé kí ó ṣe é, kí ó bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìwé ẹ̀rí, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ fún un sí ojú ìwé àkọ́kọ́, bí onítọ̀hún bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.